Mo Kọ́ Ọmọ Mi Láti Sẹ́ Mi

Bí ẹ bá mọ̀ mí, tí ẹ sì dá mi mọ̀ nínú ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí. Àwọn ará ìjọ mi ti gbọ́ ọ tán, wọ́n sì fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbọ́ ni mo ń sọ ọ́ fún, nítorí mo mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú yín tí ó ti ń wo ọ̀nà tí mo gbà.

Fẹ́yìsayọ̀ ni orúkọ mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe ní New York. Mo ń gbé ní Fordham ní Bronx, màmá tí mo ń tọ́jú ń gbé ní Tompkinsville ní Staten Island, ìjọ mi sì wà ní Queens Village. Ẹni tó bá mọ ìlú yìí á mọ̀ pé inú ọkọ̀ ni mo ti ń lo ìdajì ayé mi.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Démi ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Nígbà tó di ọmọ ọdún méje, mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mo wá sí Amẹ́ríkà. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún báyìí. Láàárín ọdún méjìlá yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo fojú kàn án.

Nígbà kejì tí mo lọ sílé, ó kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀, mà," ló wí, bí ẹni ń kí àlejò ìyá rẹ̀ àgbà. Mà! Mo wọ balùwẹ̀, mo ṣí omi kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi.

Mo ti fi ìwé sílẹ̀ fún un lọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà láti wá bá mi, ìwé tó tọ́, tí kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún méjì. Gbogbo ìgbà tí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ fún mi: ẹ máa retí.

Ẹ wá gbọ́ ipò tí mo wà nínú ìjọ, torí ibẹ̀ gan-an ni ìtìjú mi wà. Èmi ni akọ̀wé. Èmi náà ni mo ń darí ìlà àdúrà.

Ní ọ̀sán gbogbo ọjọ́rú, ní déédéé agogo méjìlá, gbogbo wa máa ń pe nọ́ńbà kan, ẹni tó wà ní ọsibítù, ẹni tó wà nílé arúgbó, ẹni tó páàkì takisí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. A ó gbàdúrà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Òfin kan ló wà níbẹ̀: ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá kàn gbọ́dọ̀ pa ohùn fóònù rẹ̀. Mi ò fi òfin yìí ṣeré rárá. "Ẹ mute fóònù yín o!" ni mo máa ń pariwo. "Ẹni tó ń fọ abọ́, a ń gbọ́ ọ o! Ẹni tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà, a ń gbọ́ ìwọ náà!"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́ràn mi. Bí mo bá ń wàásù pé kí a dúró de Olúwa, àwọn kan máa ń sunkún.

Ní Fordham, níbi tí a ti ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé, ni mo ti pàdé Bọ̀ọ̀dá Albert Òkè. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, tó ń wọ kóòtù nínú oòrùn oṣù keje, tí fóònù mẹ́ta sì máa ń dún lára rẹ̀. Mo ń di aṣọ Démi sínú àgbá lọ́jọ́ náà, mo sì ń ṣàròyé fún obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù.

"Ọdún méjì?" Bọ̀ọ̀dá Albert dá sí i. "Fún ọmọ tí o fi ikùn ara rẹ bí? Sister Fẹ́yì, who do you know?"

"Mo mọ Ọlọ́run, sà," ni mo dáhùn.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbogbo wa la mọ Ọlọ́run. Mo ní ta lo mọ̀ nínú ẹ́ḿbásì?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Ó bá mi wọ tíréènì lọ́jọ́ kejì, ó bá mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Staten Island. Ta ni mo mọ̀? Mi ò mọ ẹnì kankan. Mo wá rí i pé ọkàn mi ti gbà pé Ọlọ́run tí mo mọ̀ kò tó mímọ̀.

Bọ̀ọ̀dá Albert ní òun ní ẹnì kan ní ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà ní Èkó, Mùhámmẹ́dù ni orúkọ rẹ̀. "My guy. Kò sí ìwé tí kì í gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá." Ẹ má rò pé owó ló ń gbà lọ́wọ́ mi o. Kò gba kọ́bọ̀, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́. Ohun tó fẹ́ kò ju kí èèyàn máa bẹ òun. Mo sì bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Gbogbo Sátidé ni mo ń se ìkọ́kọrẹ́ lọ fún un, mo ń kúnlẹ̀ gbé e kalẹ̀, títí mo fi dẹ́kun lílọ sí ìpàdé àdúrà Sátidé.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, ó sọ ète rẹ̀ fún mi.

"Ṣé ìjọ yín máa ń ṣe ìkórè?"

"Oṣù kẹwàá, sà."

"Good. Kí ìjọ kọ létà pé Démi ni olórí akọrin kan nílé, pé wọ́n pè é wá kọrin níbi ìkórè. Mùhámmẹ́dù á bá a mójú tó o. Tó bá ti dé, ó ti dé nìyẹn."

"Ìwé tí mo ti fi sílẹ̀ fún un ńkọ́?"

"Má dárúkọ ẹ̀ rárá. Kí ó ní òun ò ní ẹnì kankan ní Amẹ́ríkà. No mother, no aunty, nobody. Tí wọ́n bá mọ̀ pé ìyá ẹ̀ wà níbí, wọ́n á ní kò ní padà."

Mo ní rárá. Mo gbé abọ́ mi, mo bá tèmi lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dúró lórí rárá yẹn, ni Démi bá fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi. Ó wọ ọ̀kan nínú àwọn aṣọ tí mo fi ránṣẹ́. Aṣọ náà ti kéré jù fún un. Mi ò mọ ìwọ̀n ọmọ mi mọ́.

Ní ọjọ́ yẹn ni mo pe Bọ̀ọ̀dá Albert padà.

Pépà ìjọ wà lọ́wọ́ mi. Òǹtẹ̀ ìjọ wà nínú àpò mi. Ohun tó kù ni ìbuwọ́lùwé Àlùfáà wa, Rẹ́fúrẹ́ǹdì Olúṣèyí. Mo mọ̀ pé bí mo bá bi wọ́n, wọn ò ní gbà, nítorí náà mi ò bi wọ́n. Mo fi ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí ìwé, mo sì fọwọ́ sí i. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n rárá. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù títí dòní.

Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ọlọ́run fi ohùn iyọ̀ jíǹkí Démi. Ẹ̀yin èèyàn mi, Démi kò mọ orin kọ. Nígbà tó wà ní kékeré, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ orin, ìyá mi á ní kí ó lọ pọnmi wá.

Bọ̀ọ̀dá Albert fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí Démi máa fi gba físà. Síbi tí wọ́n ti béèrè bóyá òbí rẹ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà, ó kọ rárá. Ó wá kù kí n kọ́ ọmọ náà ní ohun tí yóò sọ.

"Tí wọ́n bá bi ọ́ pé ta lo ní ní Amẹ́ríkà ńkọ́?" ni mo bi í lórí fóònù.

"Kí ni kí n sọ, Mọ́mì?"

"Sọ pé o ò ní ẹnì kankan."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, Démi. Lẹ́yìn ẹ̀, ojoojúmọ́ ni wàá máa rí mi."

"Tí wọ́n bá wá ní ìyá mi dà?"

Mi ò ronú lé e. "Sọ pé mo ti kú."

Mo gbọ́ tí àkùkọ kan ń kọ lẹ́yìn rẹ̀ nílé. "Màmá Àgbà ní ká dúró de Ọlọ́run, mà," ló wí.

"Màmá Àgbà kì í gbé New York!" Mo jágbe mọ́ ọn bí ẹni tó ṣẹ̀ mí. "Ṣé o fẹ́ wá àbí o ò fẹ́ wá?"

"Mo fẹ́ wá, mà."

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní kí ó wá sí ẹ́ḿbásì. Ọjọ́rú tó ṣáájú rẹ̀ ni àṣírí mi tú.

Mo wà ní ilé ìdáná ní Tompkinsville, mo ń gbé ọbẹ̀ adìyẹ kaná fún Miss Sharon, màmá tí mo ń tọ́jú. Ó ń wo tẹlifíṣàn rẹ̀ ní pálọ̀. Mo gbé fóònù ìlà àdúrà ka orí tábìlì. Àwa mọ́kànlélógójì ló wà lórí ìlà lọ́jọ́ náà. Mo wàásù. Ẹ jẹ́ kí n sọ àkòrí ìwàásù náà kí ojú lè tì mí dáadáa: asán ni ìrànlọ́wọ́ ènìyàn.

Mo wá ní kí Ìyá Elizabeth, ìyá ìjọ wa, gbàdúrà fún àwọn tó ń retí ìwé. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dárúkọ Démi. Wọn kì í gbàgbé rẹ̀ láé.

Bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà lọ, fóònù mi kejì dún. Bọ̀ọ̀dá Albert ni. Mo sáré tẹ bọ́tìnnì tó ń pa ohùn lórí fóònù àdúrà, tàbí ká sọ pé mo rò pé mo tẹ̀ ẹ́. Ṣíbí wà lọ́wọ́ mi, nítorí náà mo tẹ sípíkà fún ti Bọ̀ọ̀dá Albert.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti bá Mùhámmẹ́dù sọ̀rọ̀? Ọ̀la ni o."

"Relax. He is aware."

"Létà yẹn kò ní dá wàhálà sílẹ̀ ṣá? Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo fọwọ́ Rẹ́fúrẹ́ǹdì sí i. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

"Àwọn ará ìjọ yín ńkọ́? Wọn ò fura?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín. "Àwọn wo? Àdúrà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ báyìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbà á lọ. Tó bá jẹ́ àdúrà yẹn nìkan ni mo gbójú lé, Démi á ti di ìyá àgbà kó tó débí. Ẹ̀yin ni mo gbójú lé, Bọ̀ọ̀dá Albert."

Mo ti pa ìpè rẹ̀ kí n tó ṣàkíyèsí pé mi ò gbọ́ àdúrà mọ́. Mo bojú wo orí tábìlì.

"Fẹ́yìsayọ̀," Ìyá Elizabeth wí, ohùn wọn kò sì le rárá. "Fóònù rẹ ṣí sílẹ̀ o, ọmọ mi."

Mo kàn ń wo orúkọ àwọn èèyàn lójú fóònù, bí wọ́n ṣe ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá ti kúrò lórí ìlà wa, fóònù á dún tíín. Tíín. Tíín. Obìnrin tí mo bá ra aṣọ ọmọ. Ọkùnrin tí mo máa ń bá wí pé takisí rẹ̀ ń pariwo. Ó dún títí ó fi ku ẹnì kan.

"Sister Fẹ́yìsayọ̀," Àlùfáà Olúṣèyí wí. "Tí ẹ bá ti parí iṣẹ́, ẹ wá rí mi."

"Something's burning, baby," Miss Sharon ké láti pálọ̀. Ọbẹ̀ ti jóná mọ́ ìkòkò.

Ó lé ní wákàtí méjì kí n tó dé Queens Village, mo sì fi gbogbo rẹ̀ wá irọ́ tí mo lè pa. Mi ò rí ọ̀kan. Àlùfáà jókòó nínú ọ́fíìsì kékeré tí mo máa ń gbá fún wọn.

"Orúkọ mi lẹ fi kọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo retí pé wọ́n á bú mi. Ì bá sàn fún mi bí wọ́n bá bú mi. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró kí ìyàwó mi tó dé," wọ́n wí. "Ọdún mẹ́fà, Sister. Ẹ jókòó sórí àga yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ò bi mí rí bí mo ṣe ṣe é."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ẹ pe ọmọ yẹn. Kí ó má lọ, tàbí kí ó lọ sọ òtítọ́. Tí wọ́n bá kọ̀wé bi mí, mi ò ní purọ́ fún wọn."

Mo ṣèlérí. Mo fi òǹtẹ̀ ìjọ sórí tábìlì wọn, mo jáde lọ dúró de bọ́ọ̀sì. Mo sì pe Démi lóòótọ́.

Ibi tó burú jù nìyí, n kò sì ní fò ó. Wọ́n ti ká mi mọ́. Mo ti tẹ́ lójú gbogbo ìjọ. Síbẹ̀, mo ṣì ń rò ó pé bí Mùhámmẹ́dù bá lè ṣe é, tí ọmọ mi bá dé, ìtìjú náà á ní èrè. Nígbà tí Démi gbé fóònù, mo ní, "Má gbàgbé ohun tí mo kọ́ ọ o. Bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́."

"Mo ti gbọ́, mà," ló wí.

Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń gé èékánná fún Miss Sharon nígbà tí ìpè Démi wọlé. Mo ti pe Bọ̀ọ̀dá Albert lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án láàárọ̀ ọjọ́ náà. Fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lọ.

"Mọ́mì, wọn ò fún mi."

"Mùhámmẹ́dù ńkọ́? Ṣé o béèrè Mùhámmẹ́dù?"

"Mo rí wọn, mà. Àwọn ló ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tì ní òdìkejì títì. Wọ́n ya tèmi náà. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí Bọ̀ọ̀dá Albert."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi tí mo ti ń kúnlẹ̀ gbé ìkọ́kọrẹ́ fún ọkùnrin yẹn láti ọjọ́ yìí, ayàfọ́tò ni mo fi rọ́pò Ọlọ́run.

"Obìnrin kan ló dá mi lóhùn lójú fèrèsé," Démi ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ó ní ta ni mo ní ní Amẹ́ríkà. Mo la ẹnu pé kí n sọ bí ẹ ṣe ní kí n sọ. Kò jáde, mà. Mo ní ìyá mi wà ní New York, Fẹ́yìsayọ̀ ni orúkọ wọn, wọ́n ti fi ìwé sílẹ̀ fún mi. Mo ní irọ́ ló wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn, mi ò mọ orin kọ."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní òun ti rí orúkọ yín lórí kọ̀ǹpútà kí n tó dé iwájú òun. Ó ní tí mo bá ti purọ́ ni, ìwé tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn ì bá ti bàjẹ́. Ó ní kí n padà sílé, kí n lọ dúró de tèmi."

Ọmọ tí mo kọ́ ní irọ́ ló fi òtítọ́ yọ mí nínú ọ̀fìn tí mo gbẹ́ fún un. Ká ní ó gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu ni, bóyá n kì bá fojú kàn án ní ìlú yìí láé.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo dúró níwájú ìjọ, mo jẹ́wọ́. Àwọn kan dárí jì mí. Àwọn kan ṣì máa ń yà gba ibòmíràn bí wọ́n bá rí mi, mi ò sì bá wọn wí. Mi ò ṣe akọ̀wé mọ́, mi ò darí ìlà àdúrà mọ́. Mo ń pè wọlé ní ọ̀sán ọjọ́rú bí àwọn yòókù, mo sì ń wo bọ́tìnnì yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó mí. Ìyá Elizabeth ṣì ń dárúkọ Démi. Kọ̀ǹpútà ṣì ń sọ fún mi pé kí n máa retí, mo sì ń retí. Mi ò mọ ẹnì kankan nínú ẹ́ḿbásì.

Ó pẹ́ kí n tó ní ìgboyà láti bi Démi ní ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi. Ọmọ tó ń pè mí ní "mà," tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ mí, tó sì fẹ́ wá tọkàntọkàn, kí ló dé tí kò fi lè sọ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn? Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo bi í.

"Mọ́mì, nígbà tí ẹ lọ, àwọn ọmọ iléèwé wa máa ń ní ẹ ti kú. Wọ́n ní irọ́ ni Màmá Àgbà ń pa fún mi, pé kò sí ìyá kankan ní Amẹ́ríkà. Mo máa ń bá wọn jà. Ọjọ́ kan wọ́n tilẹ̀ ká eyín mi."

"Démi…"

"Gbogbo ìgbà yẹn ni mo ń sọ fún wọn pé ẹ wà láàyè. Mi ò lè wá fi ẹnu ara mi sọ fún obìnrin yẹn pé ẹ ti kú, mà."